Sóbò Àwọn Àna Wa àti Ètè Mi

Láti Ìjòun

Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi, Àṣìkẹ́ tèmi,

Báwo ni Ìbàdàn, báwo ni iṣẹ́, ṣé o ń rí oorun sùn? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ lọ kò ní gbàgbé ọ sọ́nà, oúnjẹ tí o bá jẹ á ṣe ọ́ lóore, omi tí o bá mu á bá ọ lára mu. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ tí o rà fún un ti bímọ, ó sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Rẹ̀mílẹ́kún, má bínú, ìfẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ gbọ́ ni bí ìdána Jemima àbúrò rẹ ṣe lọ, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá rẹ kò jẹ́ kí o wá. Fọkàn balẹ̀, ó lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó bàjẹ́, ètè mi ni ì bá sì bà á jẹ́.

O rántí pé níjọ́ ìkórè ìjọ wa, mo mu mínírà pupa inú ìgò, ojú mi wú, ara ń yún mi bíi pé mo sùn sínú wèrèpè. Bàbá rẹ gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ayétòrò. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n ó ní sùúrù, ó bi mí ní gbogbo ohun tí mo jẹ àti ohun tí mo mu, ó ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ń ṣe mí, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa ohun mímu láró ni ara mi kò gbà. Ó ní kí n tó mu ohun inú ìgò kí n máa wo ara rẹ̀, tí mo bá ti rí lẹ́tà E tí nọ́ńbà tẹ̀lé e, kí n rọra gbé e kalẹ̀.

Mo délé, mo wo ara ìgò, mo rí nọ́ńbà yẹn lóòótọ́. Inú mi dùn, mo ní ẹni tó ni kẹ́míkà yìí mà kúkú dáa, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá ṣe ní jàǹbá lè pè é. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tí o rà fún mi. Ọmọbìnrin kan dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù, òyìnbó ló ń sọ. Mo kí i, mo kí àwọn ará ilé rẹ̀, mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un. Ó tún ohun tó ti sọ sọ, ó sì gbé e sílẹ̀. Jemima ní ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tàbí ènìyàn, ó ti gbọ́ ẹjọ́ mi.

Mo tún wá rò ó pé aró ni dókítà sọ, pupa ni mo sì mu, a jẹ́ pé pupa ni ọ̀tá mi. Mo kó epo pupa kúrò nílé ìdáná, mo kó tòmátì àti ata rodo, mo fi fún ìyá Gbọ́lá aládùúgbò wa. Ọbẹ̀ funfun ni bàbá rẹ wá ń jẹ. Kò ráhùn, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé ó ń lọ kí ìyá Gbọ́lá nírọ̀lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá sì dé, epo á wà létí ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí Kérésì dé, Gbọ́lá ti òdìkejì bọ́dà bọ̀, ó mú mínírà aláwọ̀ ọsàn wá fún wa láti Kétu. Mo gbé ìgò náà yẹ̀ wò, Faransé ni wọ́n kọ sí i lára. Mo rí E níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní E ti Faransé nìyẹn, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà fi kọ́ṣẹ́, kẹ́míkà Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ, ti Faransé kò bá wa jà. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi, mo mu ún, ó sì dùn. Ká tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ètè mi ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó yọ síta. Ìyàwó pásítọ̀ kí mi, n kò lè la ẹnu dáadáa, ó rò pé mo ń yọ ṣùtì sí òun. Títí di òní, ọ̀ọ́kán ló ti ń kí mi.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí, torí ìdána ti kù sí dẹ̀dẹ̀. O mọ àṣà agbo ilé wa, ohun mímu tí àwọn àna bá gbé wá, ìyá ìyàwó ló máa kọ́kọ́ mu ún níṣojú gbogbo ènìyàn, bí kò bá mu ún, ó ti kọ ọkọ nìyẹn. Ìyá àgbà Fágbénró ní inú ń run ìyá ìyàwó kan nígbà kan, kò mu, ni àwọn àna bá ru iṣu wọn padà sí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Bí n kò bá mu, mo kọ Husain ọkọ Jemima, ọmọ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bí mo bá sì mu, ètè mi á yọ ṣùtì sí gbogbo àwọn àna wa ará Ìpókíá. Jemima ń sunkún, ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ fún Husain. Mo ní kó má dán an wò, kí wọ́n má lọ rò pé àìsàn ìdílé ni, kí wọ́n wá kọ̀ láti gbé e níyàwó.

Ọjọ́ pé, ìdílé Bàrúwà dé láti Ìpókíá. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í gbé ọtí, mo sì ti ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ pé omi lásán ni kí wọ́n gbé. Wọ́n sọ kẹ́ẹ̀gì sóbò ńlá kalẹ̀. Àlàájà Aishat, ìyá Husain, fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sínú ife fún mi. Àṣìkẹ́, n kò rí pupa tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo di ife mú, n kò gbé e sẹ́nu, bàbá rẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Orin dákẹ́. Àlàájà sún mọ́ mi, ó rọra bi mí pé ṣé ohun tí àwọn gbé wá ni kò tẹ́ mi lọ́rùn ni àbí ọmọ òun. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti ń fàro. Mo bá sọ òótọ́ sí i létí, pé ara mi kò gba aró inú ohun mímu.

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní aró wo, ó ní ìṣápá ẹ̀yìn ilé òun ni, òun ló já a, òun ló sá a, òun ló fi atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sè é, bí Ọlọ́run ṣe dá a ló ṣe pupa. Ó ní tó bá jẹ́ pé pupa ló ń pa mí, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi ì bá ti pa mí tipẹ́.

Mo di ojú, mo mu ún. Gbogbo ilé hó. Mo jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́, ètè mi ni mò ń fọwọ́ kàn. Wọ́n ka lẹ́tà ìtọrọ, ètè wà níbi tí Ọlọ́run fi sí. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun, ètè kò lọ ibì kankan. Mo bu ife kejì fúnra mi, mo tún bu òmíràn lé e, bàbá rẹ ní ayọ̀ mi ti pọ̀ jù fún ẹni tí wọ́n ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé omijé bọ́ lójú mi. Àwọn àna rò pé nítorí Jemima ni, wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún, Àlàájà náà ń sunkún. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Epo pupa ti padà sílé ìdáná báyìí, bàbá rẹ kò sì lọ kí ìyá Gbọ́lá mọ́. N kò fẹnu kan ti inú ìgò mọ́, ì báà jẹ́ Faransé. Àlàájà fún mi ní irúgbìn ìṣápá, mo ti gbìn ín. Tí ọdún Àjíǹde bá dé, sóbò tèmi ni màá gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó pásítọ̀ ló ni ife àkọ́kọ́.

Nítorí náà, páálí mínírà tí o máa ń rà fún wa lọ́dún, má rà á mọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra kúlà àti atalẹ̀, bí o bá sì fi díẹ̀ lé e, kò ní bàjẹ́. Sínú fóònù bàbá rẹ ni kí o fi í sí, torí tèmi máa ń kú lójijì, n kò fẹ́ kí owó bá a kú.

Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní àna tó mọ ohun tó wà nínú ife tó ń gbé fún ni. Ohun tó máa mú orí rẹ wú ni wàá máa rí, o kò ní rí ohun tó máa mú ètè rẹ wú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Lábísí