Ìyá Loness Chiumia, Tíṣà Tó Kọ́ Wa Láti Lúwẹ̀ẹ́ Nínú Ìgbì (1949–2022)

Ní Chintheche, létí adágún Malawi, ni wọ́n ti bí ìyá wa ní oṣù kẹrin ọdún 1949, sínú ilé Yesaya Mphande apẹja àti NyaKamanga, aya rẹ̀. Àwọn ni àbíkẹ́yìn. Dankeni, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, ló kọ́kọ́ gbé wọn lé orí omi tó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń léfòó.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Bandawe, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Blantyre. Nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ oní-sìmẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń dojú bolẹ̀ lúwẹ̀ẹ́: kí ara nà gbọọrọ, kí apá kan máa tẹ̀lé èkejì, kí orí yí díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mí. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ, wọ́n sì fọ́nnu délé. Dankeni wò wọ́n lórí omi tó pa rọ́rọ́, ó ní, "Ó dáa o, àbúrò mi. Ọjọ́ tí Mwera bá fẹ́, wá tún un ṣe kí n rí ọ." Mwera yẹn ni atẹ́gùn gúúsù tó ń ru adágún wa sókè.

Ní 1973, Ìyá fẹ́ Wyson Chiumia, kápẹ́ńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, Ìyá sì ń ṣe tíṣà ní Nkhata Bay.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, bí ìdílé, àti Dankeni pẹ̀lú, ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi ti ibi ìgbéyàwó bọ̀, Mwera dojú ọkọ̀ dé. Gbogbo èrò rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìyá ní àwọn á lọ pe àwọn apẹja wá.

"Loness, ìgbì yìí á gbé ọ lọ!" ni ọkọ wọn wí.

"Tá a bá wá dúró síbí ńkọ́?"

Dankeni ló pariwo tẹ̀lé wọn: "Má mí síhà ibi tí ìgbì ti ń bọ̀ o! Ilẹ̀ ni kó o máa kọjú sí!"

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Ìyá mọ̀ ọ́n mí sí, ọ̀tún náà sì ni ìgbì ti ń bọ̀. Wọ́n mu omi yó kí wọ́n tó yí sí òsì. Apá gígùn tí wọ́n fi gba ife kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n gé e kúrú, wọ́n mú un yá, wọ́n sì ń gbé ìgúnpá sókè kí omi má baà gbá a. Ìgbà tí ìgbì bá gbé wọn sókè nìkan ni wọ́n ń yọjú wo òkè tó wà létí adágún. Wọ́n débẹ̀. Àwọn apẹja tukọ̀ lọ, wọ́n sì kó gbogbo èrò wá, àfi Dankeni. Ọwọ́ rẹ̀ ti yọ lára ọkọ̀, omi sì ti gbé e lọ, kí wọ́n tó dé.

Ìyá kò padà sínú omi fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa padà, wọ́n kó àwọn obìnrin dání láti kọ́ wọn bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí omi bá ru díẹ̀ gan-an ni wọ́n ń yàn. Ìyá Maliya, tó ń ta usipa, ẹja kéékèèké inú adágún, kọ̀ jálẹ̀: "Tíṣà, ojú mi àti omi kì í ṣọ̀rẹ́."

"Kí wọ́n máa jà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ ṣáà ti ojú bọ̀ ọ́."

Ní 2006, ọkọ̀ Ìyá Maliya rì. Ó lúwẹ̀ẹ́ délé, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù, ó ń ké pé, "Tíṣà, a ti parí ìjà o! Ẹ fún mi ní nsima jẹ!" Ìyá dì mọ́ ọn, wọ́n sì sunkún. Ọjọ́ yẹn ni a kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n dárúkọ Dankeni tẹ̀ríntẹ̀rín.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2009, wọ́n sì sin ẹgbẹ́ ìyá ìjọ Presbyterian títí àárẹ̀ fi dé. Wọ́n sinmi nínú ilé wọn ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2022.

Wọ́n fi ọkọ, Wyson, sáyé, àwọn ọmọ, Tawonga, Mwiza àti Lusungu, àwọn ọmọ-ọmọ, àti àwọn obìnrin tí kò bẹ̀rù adágún mọ́.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yá wa ní irú ìyá báyìí. Tíṣà, ẹ ti gúnlẹ̀. Ẹ sùn ní àlàáfíà.