Ẹsẹ̀ Òsì Ọmọ Yín

Bàbá wa, àsàlámù aléékúmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màmá àti gbogbo ará ilé n'Ìbàdàn. Inaayah ọmọ-ọmọ yín ń ṣe dáadáa níléèwé. Iṣẹ́ ń lọ ní Landover l'Amẹ́ríkà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù gbígbé ti fẹ́ ba orúnkún mi jẹ́. Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín déédéé?

Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń kọ̀wé. Ọmọ yín, ọkọ mi, ra alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì onísílíńdà kan ṣoṣo, ó ní àbúrò èyí tí ẹ fi kọ́ òun ni. Òótọ́ ni, táńkì àti ìró wọn jọra. Ṣùgbọ́n lára tiyín, jíà wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, búréèkì wà lósì. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe é pààrọ̀ wọn nítorí òfin Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó rà yìí ṣe rí. Ní Clinton ní Sátidé tó kọjá, tírélà kan dúró lójijì níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló fi tẹ jíà, ó rò pé búréèkì ni. Inú koríko ló bá ara rẹ̀. Kò fara pa, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹ fi tiyín ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, pé ẹsẹ̀ òun mọ ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi ránṣẹ́. Méjèèjì ni yóò máa gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní mọ èyí tó wà lórí ẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Ìró gbù, gbù, tí ẹ fẹ́ràn yẹn máa ń sinmi díẹ̀ láàárín. Tó bá ti sinmi, èmi náà kì í lè mí títí yóò fi tún dún.

Èmi ni Kúlísúmù, ìyàwó yín.