Mo Pọn Màmá Rósà Wọ Ilé Olódi

Ẹ kú ilé o, Mọ́mì mi. Mo kúnlẹ̀ o, orúnkún méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì Newton Heath nílùú òyìnbó níbí ni. Ṣé ẹsẹ̀ Dádì ti fúyẹ́? Òjò ibí kò dá, ilé sì máa ń dá páropáro tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀: ọmọ yín ti dé Ítálì!

Màmá Rósà, arúgbó tí mo ń tọ́jú, ni mo sìn lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀ ló sanwó ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní kí òun tó kú, òun fẹ́ tún wọ yàrá kan nínú ilé olódi abúlé wọn, níbi tí ìyá òun gbé òun pamọ́ sí nígbà ogun àgbáyé kejì.

Háà, Mọ́mì, ilé yẹn! Orí òkè ló wà, òkúta ni látòkèdélẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ yàrà yí i ká bí àwọn baba wa ṣe gbẹ́ ẹ ní Ìjẹ̀bú. Ẹni tó ń mú wa kiri ní ìjòyè kan ló kọ́ ọ láyé ọjọ́un. Bí ogun bá dé, gbogbo abúlé á kó ọmọ àti ewúrẹ́ wọlé, wọ́n á wá máa ti ihò òkè ẹnu ọ̀nà da omi gbígbóná lé ọ̀tá lórí. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Àṣé àtẹ̀gùn tóóró ló lọ sí yàrá ọ̀hún, kẹ̀kẹ́ tí màmá ń jókòó sí kò lè gbabẹ̀. Arákùnrin tó ń mú wa kiri yẹn ní kí màmá kúkú wo fọ́tò ẹ̀. Màmá Rósà bú sẹ́kún. Inú bí mi! Ṣé torí fọ́tò la ṣe wọ bàálù? Mo fa ìró yọ nínú báàgì, mo bẹ̀rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n. Arákùnrin náà pariwo pé kò bófin mu. Nígbà tó rí i pé mo ti ń gun àtẹ̀gùn lọ, ó tẹ̀ lé wa, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn màmá.

Nígbà tí a débẹ̀, màmá fọwọ́ pa ògiri, ó pe ìyá ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè orúkọ ìyá tó bí èmi. Ẹ forí jì mí, mo dárúkọ yín gbàgà. Láti ẹ̀yìn mi níbẹ̀ ló ti ń fi èdè wọn súre; kìkì ohun tí mo gbọ́ nínú ẹ̀ ni Adébísí, Adébísí. Mo ń sunkún, mo ń ṣe àmín.

Olúwa á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Àǹtí Ṣadé, ẹ kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Àmín tèmi nìkan kò tó sí àdúrà yẹn, Mọ́mì. Ẹ ṣe tiyín níbi tí ẹ wà.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́