Kóòtù Inú Fọ́tò

Ìlọrin, Ọjọ́rú, Oṣù Kejìlá 1974

Ọ̀rẹ́ Dàpọ̀ ọmọ mi, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Niú Yọ́ọ̀kì, wá kí wa lónìí. Ó rí fọ́tò Dàpọ̀ lára ògiri, níbi tó ti wọ kóòtù òtútù ńlá, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, kóòtù wa nìyẹn."

Kóòtù wa kẹ̀? Ó ní owó ilé ló ń kó gbogbo owó wọn lọ, ni wọ́n bá dá owó ra ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń jáde ló ń wọ̀ ọ́.

Fọ́tò yẹn la gbé sórí àga níjọ́ ìdána, nítorí ọkọ ò sí nílé. Òun ni Fúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ fún. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń lọ bá a. Ṣé kí n sọ fún un ni, àbí...

Fúnkẹ́ ti Challenge, níbi tó ti lọ rajà, dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú súwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. "Màámi, ṣé èyí á tó fún òtútù ibẹ̀?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọkọ rẹ̀ ní kóòtù.