Oui Tí Mo Kọ Sórí Ìwé Àbúrò Ọkọ Mi

Iṣu èlùbọ́ ni mò ń bẹ lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí nígbà tí tẹlifóònù mi dún. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó pè mí tán, mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, n kò sì tíì mú un padà. Iṣu tí mo bẹ wà nílẹ̀, eṣinṣin ti bò ó, èmi jókòó síbí, mò ń kọ̀wé sí ẹ̀yin tí n kò mọ̀ rí. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé kí n gbàdúrà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mò ń kírun lójúmọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò níbi tó wà.

Apá Alafiarou, ní ilẹ̀ Benin, ni a ń gbé. Mo kàwé dé troisième, ọdún kẹrin ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi nìkan ni obìnrin tó kà á débẹ̀ nínú agbo ilé ọkọ mi, nítorí náà gbogbo ohun tó bá ní lẹ́tà lára, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Mo máa ń kà á, mo máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín, mo máa ń pa ẹnu mi dé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò ọkọ mi gbé ìwé àyẹ̀wò kan wá tó ká sí mẹ́rin. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí èso kajú. Mo kà á: hépatite B. Mo ṣàlàyé fún un pé àrùn ẹ̀dọ̀ ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, pé ọkọ lè kó o ran ìyàwó, kí ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un bí kò bá tíì kó o. Ó gba ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹnu rẹ àti etí mi nìkan." Mo gbà. Nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́, ó padà sóko, ó ń gbé àpò àgbàdo, ó ní òun ti mú ìyàwó òun lọ. Mo mọ̀ pé kò mú un lọ. Mo dákẹ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nílé ìwòsàn, dókítà ní ó nílò àpò ẹ̀jẹ̀ méjì, kí àwọn ará ilé wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi gun alùpùpù mẹ́ta wá. Ìyá ọkọ mi ní kí àwọn Faransé tó dé ni bàbá ńlá àwọn ti tẹ àdúgbò wa dó, ẹ̀jẹ̀ àjèjì kò wọ ara ọmọ ilé náà rí, kò sì ní ti orí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ. Ẹ má pè é ní ènìyàn burúkú. Òun ló kọ́ ọmọ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn, oko ló ti sáré wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pín ìwé ìbéèrè, ó ní kí n ran àwọn tí kò mọ̀wé lọ́wọ́. Mò ń kà á fún àbúrò ọkọ mi, ó ń dáhùn, mò ń kọ. Mo dé ìbéèrè kan: ṣé dókítà ti sọ fún ọ rí pé o ní àrùn ẹ̀dọ̀? Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Rárá, kọ Non, ìyàwó wa. Ara mi le koko."

Mo kọ Oui: bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bó ti wù kó rí, mo bi nọ́ọ̀sì náà. Ó ní àyẹ̀wò lè fo nǹkan, pé ìbéèrè ni ọgbà àkọ́kọ́, àyẹ̀wò ni èkejì, ẹni tó bá wó ọ̀kan ti ṣí ilé sílẹ̀. Ó pe àbúrò ọkọ mi wọlé ní òun nìkan, ó ní àwọn kò lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí àrùn ẹ̀dọ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà létí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò dé láti Pàràkú. Nọ́ọ̀sì kán ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi àti ti inú àpò sórí káàdì kékeré, ó wò ó dáadáa bóyá wọ́n bára mu kí ó tó so àpò náà kọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi béèrè ògì. Ìyá ọkọ mi ṣì ń bínú, ó ní ta ló mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ olè ni wọ́n dì sínú ọ̀rá. Bí ọmọ tuntun bá ké, á ní ẹ̀jẹ̀ Pàràkú ló ń wá ọ̀nà ilé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Àbúrò ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀, tí mo máa pè ní Sàfíyà, kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ti dúró bá nọ́ọ̀sì yẹn sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ilé ìwòsàn, ó ń béèrè ibi tí omi wà. Ọkọ rẹ̀ rí i. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní Sàfíyà ló tú àpò òun, Sàfíyà ló gbé ìwé òun fún ẹlòmíràn kà, Sàfíyà ló tú àṣírí òun fún nọ́ọ̀sì. Sàfíyà ní, àṣírí wo? Ọkọ rẹ̀ da ẹní àti ìkòkò rẹ̀ síta. Sàfíyà ti wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Kika láti ìgbà náà, tòun ti ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, àwọn àgbà á jókòó pẹ̀lú Lèmọ́mù, wọ́n á ní kí Sàfíyà fi Àlùkùránì búra pé òun kò tú àṣírí ọkọ òun.

N kò kábàámọ̀ Oui yẹn. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà wá lónìí, òun ni n ó tún kọ. Ohun tí mo ń jẹ́wọ́ rẹ̀ nìyí: nígbà tó di iṣan ọmọ tèmi, n kò lè pa àṣírí mọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó jẹ́ Sàfíyà, tó ń sùn tì í, tó lóyún fún un, tó bímọ fún un, mo dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta, mo sì pe ara mi ní ẹni tí a lè fọkàn tán. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ti ọmọ rẹ̀ wò. Kò tilẹ̀ mọ àìsàn tí wọ́n ní ó tú àṣírí rẹ̀... Irú ènìyàn wo ni mí?

Bí mo bá dìde níwájú àwọn àgbà, gbogbo ìlú á mọ àìsàn ọkùnrin yìí, wọn ò ní bá a jẹun mọ́, bẹ́ẹ̀ àrùn náà kì í ti inú àwo oúnjẹ ran ni. Ọkọ mi á ní mo ta àbúrò òun. Ta ni yóò tún gbé ìwé wá fún mi kà? Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ṣé ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ lọ, kí n sọ fún un pé èmi ni, kí ó fúnra rẹ̀ mú ìyàwó rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò? Bó bá kọ̀ ńkọ́? Àbí Sàfíyà ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá, ẹ jọ̀wọ́, torí òun gan-an ló pè mí láàárọ̀ yìí. Àwọn àgbà ní kó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ìwé ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀. Kò mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ń bínú, á fi tirẹ̀ kún un. Sàfíyà ti wà lórí alùpùpù báyìí, ó ń bọ̀ wá bá mi kí n bá a kọ ọ́. Ohun tó sọ kó tó pa tẹlifóònù ni pé, "Tata, àǹtí mi, ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe kọ ọ́."