Ohun Tó Ń Mú Bàbá Rẹ Pẹ́ ní Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń fajú ro ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn gígùn ilé tí o ń gbé yẹn, ní gígùn àti ní sísọ̀. Àwa náà ń bẹ láàyè. Òrùlé ilé ìdáná ò jò mọ́, ewúrẹ́ wa sì ti bímọ méjì.

Bàbá rẹ ní n ò gbọdọ̀ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún ọ, torí náà bí o bá kà á tán, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ń fi ìdajì ìdí jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo bi wọ́n, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn télọ̀ ìgbàlódé ṣe ń jókòó. Àfi bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn pé kó wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní wọn ò ní jáde láìsọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n wá ní ẹ̀jẹ̀ làwọn ń rí báwọn bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, pé ó jọ pé ilé ti yá. Ọmọ mi, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo fa ọwọ́ wọn.

A gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì fún wọn ní fọ́ọ̀mù tó ní àwòrán ọkùnrin kan, ó ní kí wọ́n sàmì síbi tó ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọjú sí wa. Bàbá rẹ wò ó títí, wọ́n yí ìwé náà padà, wọ́n sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń wá àmì kiri, wọ́n rọra ṣàlàyé fún un pé ìdí ọkùnrin náà nìyẹn.

Dókítà ní kò sí ikú níbẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo sunkún ayọ̀, mo ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni, bàbá rẹ ní kí n yé pariwo orúkọ àrùn náà. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń mu omi, wọ́n ní báwọn bá fẹ́ lo oògùn. Ó bi wọ́n nípa ẹ̀fọ́, wọ́n wojú mi. Ó ní ṣé fóònù máa ń bá wọn wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n rọra ti fóònù bọ àpò.

Mo rò pé fóònù ló kó àrùn náà ràn wọ́n, bí a ṣe délé mo sá a sóòrùn títí ó fi dákú. Ìgbà náà ni wọ́n jẹ́wọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń dúró nílé wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ tí o máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa dá ọ lóhùn bí ẹni pé o wà níwájú wọn, títí ẹsẹ̀ wọn á fi kú.

N ò bínú sí ọ o. Nọ́ọ̀sì ní ìjókòó pípẹ́ níbẹ̀ ló burú, àti fífi agídí yàgbẹ́ tó ti gbẹ. Omi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wọn báyìí, ẹ̀fọ́ àti èso ò wọ́n láwo wọn, ẹ̀jẹ̀ náà ti dá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọn ò ti lè jókòó gbọ́ ohùn rẹ mọ́, ilé ń sú wọn. Mo bá gbé fóònù rìn kiri títí mo fi rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Jọ̀ọ́, máa pè wọ́n láràárọ̀, kí wọ́n máa rìn lọ rìn bọ̀ níbẹ̀. Má tètè dákẹ́, dókítà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí wọ́n máa rìn.

Fi owó èso díẹ̀ ránṣẹ́, àti ti tìmùtìmù kan. Ìwọ náà, máa dìde lórí àga ọ́fíìsì yẹn. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìjókòó rẹ dẹ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ìdìde rẹ má ní ìrora, kí ohun tó yẹ kó jáde lára rẹ máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ