Gbèsè Tó Fẹ́ Lọ Sinmi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Èmi àti bàbá ẹ ń bẹ, ọkàn wa nìkan ni ò balẹ̀. Orí ẹ ò ní gbàbọ̀dè, ilé tí o fi òógùn rà ò ní bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, àgbébọ̀ mi sì ti sàba sínú bàtà bàbá ẹ, bàbá ẹ ló ní a ò gbọdọ̀ lé e.

Látìgbà tí o ti sọ pé ìwọ àti ọkọ ẹ pínyà, tí ẹ ò sì rí owó ilé tí ẹ jọ yá ní báǹkì san mọ́, oorun ti dá lójú mi. Mo bá ní kí télọ̀ iwájú ilé wa bá mi pe báǹkì yín. Obìnrin kan gbé e, ó ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo kí i, mo bèèrè ọkọ àti ọmọ, kò dáhùn, ó tún ní kí n tẹ ení. Télọ̀ ní ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ fún àgbàlagbà!

Nígbà tó yá, ọmọkùnrin kan tó mọ ìkíni gbà á. Ó ní òun ò lè tú àṣírí ẹ fún mi, àfi ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo tọkọtaya tó bá pínyà. Mo ní kí ọkọ ẹ san ti pálọ̀, kí ìwọ san ti yàrá. Ó ní rárá, gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Àánú ẹ ṣe mí, mo bú sẹ́kún. Ló bá ní tí ẹ bá tètè wá, àwọn lè fún gbèsè náà ní ìsinmi oṣù díẹ̀.

Mo bi í léèrè ibi tó ti fẹ́ lọ sinmi, torí yàrá kan ṣoṣo ló ṣófo nílé wa, ìwọ ni mo sì fi í pamọ́ dè. Ó wá ní kò ní jìnnà, pé ó máa padà, ó sì lè fi èlé sanra díẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá sinmi náà ló ń sanra.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n fẹ́ rí nínú ìwé. Ìwọ lo kọ ọkọ ẹ, èmi ò tíì kọ̀ ọ́, mo ti pè é. Ó ní òun á wá bá ẹ ní báǹkì. Wọn ò ní kí ẹ fẹ́ra padà o, ọwọ́ nìkan ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ fi ojú sílẹ̀ sílé. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Owó òrùlé tí mo fẹ́ bèèrè, èmi náà ti fún un ní ìsinmi. Owó káàdì fóònù nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, kí n lè gbọ́ ọjọ́ tí gbèsè yẹn bá dé. Á bá ẹ lórí ìdúró, á bá ẹ nínú ilé ẹ. Tí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, má tijú, máa bọ̀. Mo gbá yàrá ẹ láàárọ̀ yìí.

Èmi ni, ìyá ẹ.